Ọmọ Àlájà Lójú Fèrèsé

Bí wọ́n bá ń ka àwọn tó rìnrìn àjò lọ sí òkèèrè, ẹ̀yìn ni mo máa ń sá sí, torí òkèèrè tèmi kò jìnnà tó ohun tí èèyàn ń fi yangàn. Mi ò wọ bàálù. Mi ò rí yìnyín. Ẹni tó bá mu ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìṣẹ́yìn lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn oníwèé ń pè ní Porto-Novo, bí àwọn tó wà ní bodè Kraké bá fojú àánú wò ó. Ẹni tó wà ní Kánádà lè sọ fún ìyá rẹ̀ pé òkun ló dí òun lọ́nà. Èmi ńkọ́? Ṣé kí n ní ọ̀sà ló dí mi lọ́nà? Ọ̀sà tí àwọn ọmọdé ń fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n là kọjá?

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ló dí mi lọ́nà. Èmi àti ẹ̀rù, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba Kraké kọjá, ìwé mi pé, mi ò gbé ẹrù òfin kankan, síbẹ̀ òógùn bò mí débi pé ọ̀gá tó ń wo ìwé bi mí bóyá ibà ló ń ṣe mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n tètè lọ lo oògùn. Bí mo ṣe fi irọ́ wọ ìlú onílùú nìyẹn, irọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí pé kí n pa.

Akunlé ni mí. Ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń jẹun. Nílé, iṣẹ́ ti wọ́n. Àwọn tó ní ilé tó yẹ kí wọ́n kùn, oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi obìnrin ti wà nílé ọkọ, ìyá mi sì ń gbé lọ́dọ̀ Rísí, àbúrò mi. Ẹnìkan ní wọ́n ń kọ́lé gan-an ní Àjàṣẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń lọ kun ilé kan níbẹ̀, bí mo bá ti kùn ún tán, mò ń bọ̀. Ilé yẹn ti gbẹ tipẹ́. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí.

Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́. Irọ́ kọ́. Nàgó ni wọ́n ń pe tiwọn, ó sì dùn létí. Àmọ́ o lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí Faransé kan ṣàdédé yọ láàárín rẹ̀ bí òkúta nínú ẹ̀wà. Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, ọmọ Ègùn ni, Faransé ló sì fi ń pàṣẹ. Ohunkóhun tó bá sọ, "wí" ni mo ń dáhùn, torí mo ti gbọ́ pé òun ni "bẹ́ẹ̀ ni". Lọ́jọ́ kan ó bi mí ní nǹkan, mo ní "wí", mo sì fi ọ̀dà búlúù kun gbogbo pálọ̀. Àṣé ó ń bi mí ni pé ṣé mo mọ̀ pé ilé ìdáná ni búlúù wà fún. Ọjọ́ Àìkú ni mo fi tún un kùn. Mò ń kùn, mò ń bú ara mi, ní Yorùbá tí kò ní òkúta nínú.

Ọjọ́ Àìkú ló tiẹ̀ máa ń ṣòro jù. Mo yá yàrá kan ní àdúgbò Tokpota, nínú ọgbà obìnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àlájà. Lọ́jọ́ tí kò sí iṣẹ́, àwọn ayálégbé yòókù á lọ kí èèyàn wọn. Èmi á tún fọ búrọ́ọ̀ṣì tí mo ti fọ̀ lánàá. Lẹ́yìn náà ni màá pe ilé.

Níbẹ̀rẹ̀, ìyá mi ló máa ń já fóònù gbà lọ́wọ́ Rísí. Wọ́n á pariwo bí ẹni pé ohùn wọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Àjàṣẹ́.

"Ṣó o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmá."

"Kí lo jẹ?"

Màá dárúkọ oúnjẹ tó gbayì.

"Ilé yẹn ò tíì parí ni?"

"Ó kù díẹ̀, Màmá. Oṣù tó ń bọ̀."

"Irú ilé wo lèyí? Ṣé ààfin ni?"

Nígbà tó yá, Rísí nìkan ló ń dáhùn. Màá ní, "Màmá ńkọ́?" Á ní, "Dáadáa ni wọ́n wà, Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n ń sùn." Bí mo bá pè láàárọ̀, wọ́n ń sùn. Bí mo bá pè nírọ̀lẹ́, wọ́n ń sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú mi nígbà náà, bó ti wù kó burú tó: ara máa ń tù mí ni. Àgbàlagbà yẹ lẹ́ni tó ń sùn, èmi náà sì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè ààfin. Màá ní, "Ẹ má jí wọn o," màá sì pa fóònù bí ọmọlúàbí.

Àlájà tó ni ilé wa, agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Wọ́n ga, wọn kì í pariwo, ẹnu wọn sì mú. Akunlé ni wọ́n ń pè mí. Mi ò rò pé wọ́n rántí orúkọ mi lẹ́yìn ọjọ́ tí mo kó wọlé. Lójú fèrèsé pálọ̀ wọn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti máa ń yọjú díẹ̀ kó tó kọjá, ohun kan wà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré. Mo kọ́kọ́ rò pé ike ni. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ṣonṣo lẹ́nu, ó tò yí ara rẹ̀ ká bí ìràwọ̀, ìlà funfun wínníwínní sì dábùú rẹ̀, bí ẹni pé akunlé kan tó mọṣẹ́ jù mí lọ ló fi búrọ́ọ̀ṣì onírun kan ṣoṣo fà á. Gbogbo rẹ̀ kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ó fi nínípọn jọ ọdúndún, ṣùgbọ́n ọdúndún a máa dàgbà. Èyí kì í dàgbà. Àlájà ní àwọn tó ń sọ Faransé ń pe irú rẹ̀ ní ewéko tó sanra. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n ń pè ní sísanra.

Mùínà, àbíkẹ́yìn Àlájà, ló rà á sílé kó tó lọ sí ilẹ̀ Faransé. Kò tíì padà wá láti ìgbà náà. Mo bi Àlájà lọ́jọ́ kan bóyá nǹkan ọ̀hún ń ṣàìsàn ni, tí kò fi tóbi. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọdún kan, ewé kan, bó bá ṣoore, méjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wò ó tí mo rí i pé kò tíì tóbi, màá ní àṣé Mùínà ò tíì pẹ́ tó lọ."

"Ọmọ" ni wọ́n ń pè é. Wọn kì í pè é ní òdòdó, wọn kì í pè é ní igi. Ọmọ.

Ìkùukùu wá bo ojú Àlájà. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kútọnu ní kí wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, kí wọ́n sì simi lọ́dọ̀ òun títí ojú á fi jinná. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n pè mí sí pálọ̀.

"Akunlé, mi ò lè gbé ọmọ yìí lọ. Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Kútọnu, ohun tó bá ti rí, ẹnu ló ń gbé e lọ. Ìwọ ni mo fẹ́ fà á lé lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ pálọ̀ rèé."

"Èmi kẹ̀, Àlájà? Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Kí ni kì í bà ọ́ lẹ́rù? Ejò ni mo pè é ni? Má da ara ẹ láàmú lórí ẹ̀. Tó o bá rántí, ta omi sí i díẹ̀. Tó o bá gbàgbé, kò burú. Ó tiẹ̀ lè dáa jù."

Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ nílé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ẹ bá mi dá sí i. Nínú ilé tí wọ́n ti bí mi, bí àgbà bá ní "má da ara ẹ láàmú", ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ń wò ọ́ bóyá wàá da ara rẹ láàmú. Àlejò á ní, "Ẹ má dáná o, mo ti yó bámúbámú." Ẹni tó bá gbà á gbọ́, tó jókòó, wọ́n á máa fi ṣe àpẹẹrẹ ahun títí ọmọ rẹ̀ á fi bímọ. Ìyá ọkọ á ní, "Fi ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀." Ìyàwó tó bá fi í sílẹ̀ ti dáràn. Nítorí náà mo gbọ́ ohun tí Àlájà sọ, mo sì tún gbọ́ ohun tí mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n gbọ́. Mo fi dá wọn lójú pé mi ò ní dààmú. Kí mọ́tò tó gbé wọn tó yí kọ́nà, mo ti bu omi.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ètè gbogbo èèyàn ń ya, ọ̀dà ń gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì kó tó kan ògiri. Mo wo ọmọ onílé, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mò ń fún un lómi láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mò ń fún un nírọ̀lẹ́ bí mo bá dé. Mo tún máa ń kí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó dá gbé yàrá nílùú onílùú, ohunkóhun tó bá ti ní ewé lórí ti tó bá sọ̀rọ̀.

Àlájà pè láti Kútọnu, ojú wọn ṣì wà nínú báńdéèjì.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Àlájà, ó ń sanra!"

"Ó ń kí ni? Nínú ọ̀sẹ̀ tí mo lọ yìí?"

"Ewé ẹ̀ ti kún, Àlájà. Ẹ máa rí i."

"Akunlé, má yọ ọ́ lẹ́nu o."

Mo tún ka ìyẹn sí "má da ara ẹ láàmú" mìíràn. Mo fi omi kún omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ nu eruku kúrò lára ewé kan, ewé náà sì bá ọwọ́ mi bọ̀. Ó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó ti kọjá àsìkò. Mo fọwọ́ kan èkejì, ó ṣubú. Ìlà funfun wínníwínní náà ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti di omi, ó ń rùn. Mo bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń wò mí. Inú pálọ̀ tí mo dá wà, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, ni mo ti ń bojú wẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀, mo sì gbàgbé pé wọ́n ń retí mi níbi iṣẹ́.

Fóònù Àlájà dé lọ́jọ́ yẹn gan-an.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Dáadáa ni, Àlájà. Ó ń sùn."

"Igi ń sùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọyẹ́ ló mú un."

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ti jinná sílẹ̀ lẹ́nu mi, mo kàn bù ú ni. Mo sì rí àwíjàre. Nílé wa, a kì í sọ ìròyìn burúkú fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Nígbà tí bàbá aládùúgbò wa kú, "Bàbá fẹ́ rí ẹ" ni wọ́n sọ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánò; ẹnu ọ̀nà ilé ló ti bá igbe. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tó wà lórí ibùsùn, tí ojú rẹ̀ ṣì ń jinná. Mo ní kì í ṣe irọ́ ni mo pa, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ̀kọ́ ilé náà kò jẹ́ kí n lè jẹun.

Lójú ọ̀nà Adjarra, àwọn kan máa ń ta igi àti òdòdó nínú ọ̀rá dúdú. Mo gbé òkú ọmọ Àlájà sínú àpò, mo gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zẹ́míjàn lọ síbẹ̀. Obìnrin Ègùn kan tó ń gbọ́ Nàgó ló dá mi lóhùn. Ó tú àpò, ó gbóòórùn, ó gbé e jìnnà sí imú.

"Baba, ṣé odò lo rì í sí?"

"Ìyá onílé mi ló ni ín. Omi ni mò ń fún un."

"Lójúmọ́?"

"Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ nǹkan kan lédè Ègùn, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ di ikùn mú. Mi ò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò nílò ògbufọ̀.

"Baba, inú ewé ẹ̀ ló ń kó omi sí bíi ràkúnmí. Ẹni tó ti yó lò ń rọ́ oúnjẹ sí lẹ́nu." Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó gbé òmíràn jáde, ìlà funfun náà wà lára rẹ̀. "Irú ẹ̀ rèé. Gbé e sínú ìkòkò ìyá náà. Ṣebí àgbàlagbà ni, kò ní mọ̀."

"Ojú ni wọ́n lọ tún ṣe."

"Háà." Ó ronú. "Ṣé ojú méjèèjì ni?"

Mo gba èyí tó mú wá, mo yí i wò. Ó wuyì. Ẹ̀rù sì ń sọ fún mi pé kí n sanwó, kí n máa lọ. Àmọ́ ó tóbi ju ti Àlájà lọ dáadáa. Mo rò ó pé bí wọ́n bá dé, tí wọ́n la ojú tuntun, tí wọ́n rí i pé ọmọ ti tóbi tó báyìí, wọ́n á ní àṣé Mùínà ti pẹ́ tó báyìí. Mo dá a padà.

Obìnrin náà ṣe hùn-ùn. Ó wá fi ìka tú ìdí èyí tó jẹrà, bóyá àánú mi ló ṣe é. "Dúró ná." Lábẹ́ ewé tó rọ̀ jù, ọmọ kékeré kan so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju èékánná lọ, ó le koránkorán. Ó já a, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n jẹ́ kí ojú ibi tó ti já gbẹ, kí n tó fi í sínú iyanrìn. Kí n má sì fún un lómi títí yóò fi di ilẹ̀ mú.

"Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kó o fún un lómi, ìwọ ni kó o mu ún."

Mo mu omi púpọ̀ lásìkò yẹn. Mo sẹ́ iyanrìn níbi iṣẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo da èédú wẹ́wẹ́ mọ́ ọn, mo gbin ọmọ náà sínú ìkòkò Àlájà. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ mi ni pé kí n má ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí n mọ̀ ọ́n ṣe. Akunlé tó bá kun ọ̀dà lé orí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ, ó ti ba ògiri jẹ́. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi títí ẹnu fi ro mí. Àmọ́ ògiri kì í jẹ́ kí àánú ṣe èèyàn. Ohun kékeré tó dá jókòó sínú iyanrìn gbígbẹ nínú ọyẹ́, tí o sì ní omi lọ́wọ́, tí o kò gbọdọ̀ fún un, ìyà ni. Èèyàn á tún fẹ́ máa fi í wé ara rẹ̀, pé òun náà rèé, tí wọ́n já kúrò lára ìyá, tí wọ́n gbìn sílẹ̀ àjèjì. Mo gbìyànjú ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì fẹ́ dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé wọ́n já tiẹ̀ ni. Èmi, ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi rìn.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí Àlájà bá pè, ó ń sùn.

Ìṣẹ́gun díẹ̀díẹ̀ wà níbẹ̀ náà, kí n má parọ́. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, mi ò gbọ́ ọ yé, mo sì ní "nọ́ọ̀n", ìyẹn "rárá", fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó tún un sọ ní Nàgó, àṣé ó gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí! Nígbà tó sì pẹ́ díẹ̀, mo fi ìka kan fa ọmọ inú ìkòkò náà jẹ́jẹ́, kò tẹ̀ lé mi. Ó ti di ilẹ̀ mú. Mo jó yí pálọ̀ Àlájà ká, èmi nìkan.

Àlájà padà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dà lára, mo bá wọn lórí ìjókòó nítòsí fèrèsé, awò dúdú lójú wọn, ìkòkò náà lórí itan wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, Akunlé."

"Àlájà, mo ti pa á. Omi ni mo fi pa á. Èyí tó wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni."

"Mo ti mọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni. Ó ń sùn, ó ń sùn." Wọ́n fi ìka kan ewé kékeré náà. "Mo ti gbẹ̀bí, Akunlé. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, ta ló máa ń dúró síwájú ìyá ẹ̀ kó sọ ọ́ gbàrà? Wọ́n á ní ó ń sùn. Ẹnu tèmi náà ti sọ ọ́ rí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí, Àlájà? Tẹ́ ẹ ò pariwo mọ́ mi?"

"Torí èmi náà fẹ́ kó máa sùn ni."

Wọ́n gbé ìkòkò náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n yí i wò, wọ́n sì gbé e padà sójú fèrèsé. Wọn ò bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ì bá sàn fún mi.

"Ìyá tìẹ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí, bí ẹni tó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà.

"Dáadáa ni wọ́n wà, Àlájà. Mo pè lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ní wọ́n ń..."

Àlájà bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò mí. Mo yọ fóònù níwájú wọn, mo pe Rísí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Màmá ńkọ́?"

"Dáadáa ni wọ́n wà. Wọ́n ń sùn."

"Jí wọn."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n..."

"Rísí, jí wọn fún mi."

Mo gbọ́ tó ń fa ikun imú.

"Wọn ò sùn," ló wí. "Iyè wọn ló ti ń ra, Bọ̀ọ̀dá. Láti ìgbà òjò. Nígbà míràn wọ́n á dá mi mọ̀, nígbà míràn wọ́n á ní kí n lọ pe Rísí wá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Bọ̀ọ̀dá, ṣebí a mọ̀ yín. Ẹ̀rù máa ń bà yín. A ní ká má dẹ́rù bà yín níbi tẹ́ ẹ dá wà."

Láti kékeré ni mo ti ń fi ẹ̀rù ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíràn tó fi ṣe é. Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé àwọn ará ilé mi gbà á gbọ́, wọ́n sì ti ń rọra kó ìyá mi kúrò lójú mi, kí n má baà fòyà.

"Gbé fóònù sí wọn létí."

Mo gbọ́ èémí. Mo gbọ́ rédíò ẹnìkan lọ́nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ohùn ìyá mi dé. Kò pariwo mọ́.

"Ẹ̀yin ta nìyẹn o?"

Ìyá mi kò pè mí ní "ẹ̀yin" rí.

"Ọmọ yín ni, Màmá. Èyí tó wà ní Àjàṣẹ́."

"Áà, ọmọ yẹn?" Wọ́n rín ẹ̀rín díẹ̀, irú èyí tí à ń rín fún àlejò. "Ẹ má ṣèyọnu nípa tiẹ̀. Dáadáa ló wà."

Àlájà yíjú sí fèrèsé. Mo fọwọ́ tó ní ọ̀dà nu ojú mi, ó ta mí.

"Màmá, mò ń bọ̀ lọ́la."

"Ẹ máa bọ̀ o," ni ìyá mi wí. "Ṣé ẹ mọ ilé wa?"